Kó Má Baà Kú Sí Mi Lọ́wọ́

Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń wẹ òkú, bí a ṣe ń dì í, bí a ṣe ń so orúkọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò gbóògùn mọ́, àmọ́ tó ṣì ń mí, tó ń jẹ̀rora, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ìyẹn. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní.

Ìgbà tí mo ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan dé lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ọsibítù wa nítòsí Amukókò gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Bàbá kan wà níbẹ̀, wẹ́dà tó ti fẹ̀yìn tì, tó lo ayé rẹ̀ nídìí jíjó irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ní Snake Island. Jẹjẹrẹ ti wọ eegun wọn. Ṣìkírátù ọmọ wọn ló ń dúró tì wọ́n. Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ tó ti fẹ́ Efe, ọmọ Wàrí tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ kan péré lọmọ yìí ń retí lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ìrora ò jẹ́ kí wọ́n ráyè sọ nǹkan kan, àfi igbe.

Dókítà ti kọ mọ́fíìnì fún wọn, oògùn olómi tó ń pa ìrora. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì gbà pé ẹni tó bá fún aláìsàn tó ń lọ ní mọ́fíìnì ló pa á. Ti àárọ̀ á gbá bàbá fún ti ọ̀sán, ti ọ̀sán á gbá wọn fún ti alẹ́, bíi bọ́ọ̀lù.

"Kí ló dé tí ẹ ò fún bàbá lóògùn?" ni mo bi ẹni tí mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sista, abeg o. Make e no die for my hand."

"Ṣé kí wọ́n máa ké lọ́wọ́ ẹ ló dáa?"

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Mo wọn díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fi sí bàbá lẹ́nu, mo jókòó, mo ń ṣọ́ èémí wọn. Bàbá sùn. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n béèrè ògì, wọ́n mu ún, wọ́n sì pe Ṣìkírátù. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá dákẹ́. Mátírọ́nù ránṣẹ́ pè mí.

"Ta ló ní kó o ṣàṣejù?"

Àṣejù! Gbogbo ìgbà tí bàbá fi ń ké, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn láṣejù.

Bí mo ṣe fẹ́ dáhùn, Ṣìkírátù ṣílẹ̀kùn wọlé. Ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ẹ má bínú, ma. Àìsàn ló pa bàbá mi. Ẹ bi mí ní ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó lọ."

Mátírọ́nù ò bi í. Èmi ni mo bi í.

"Wọ́n ní kí n mú ọkọ mi wá, kí àwọn súre fún wa. Mo pè é, àmọ́ ó ti lọ Wàrí. Ọ̀nà ló wà tí wọ́n fi kú." Ó yíjú sí Mátírọ́nù. "Gbogbo ọjọ́ tí bàbá mi fi ń ké, ma, Efe wà níbí. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà yín ló ń jókòó sí."