Ariwo Tí Mo Pa Láàárín Orin Fáólìnì

Mo rántí ìgbà tí mo lọgun nínú gbọ̀ngàn kan ní Yábàá, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ikọ́ mì kí wọ́n má baà ba orin jẹ́. "Ó ti kọjá! Ó ti kọjá o!" ni mo ké. Gbogbo orí ló yí wò mí. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń retí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ń ta fáólìnì, gòjé òyìnbó, lórí pèpéle. Ọ̀dọ̀ mi ní Mushin ló gbé dàgbà. Bó bá ta á yanjú lọ́jọ́ náà, wọ́n á mú un sínú ẹgbẹ́ olórin ńlá kan. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe, iná ọkọ̀ nìkan ló yé mi. Kí ni mo fẹ́ wá láàárín àwọn tó gbọ́ kílásíkà, orin òyìnbó àtijọ́? Nígbà tó ní kí n wá, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ orin." Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó ní, "Tí ẹ ò bá wá, ojú ta ni kí n máa wò?" Mo bá dìde, mo lọ lọ aṣọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi bàbá aláwò ojú kan tó jókòó níwájú mi ṣe olùkọ́. Bó bá mi orí, èmi náà á mi orí. Bó bá tẹ orí ba, èmi náà á tẹ tèmi ba, bí ẹni tí orin ń bá sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ pé ó ń hanrun.

Ló bá kan ọmọ wa. Bó ṣe fi ọ̀pá kan okùn, mo mọ orin náà! Òun ló ń ta ní pálọ̀ wa láràárọ̀, tí àwọn aládùúgbò fi ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ológbò yín ò tíì bímọ ni?" Mo mọ ibi tó ti ń rọra rìn, mo mọ ibi tó ti ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo sì mọ ibì kan lókè téńté tí ìka rẹ̀ ti máa ń yọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ó yọ̀ níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Bó ṣe ń gòkè bọ̀, mo gbá apá àga mú. Mi ò mí mọ́. Ó débẹ̀. Ìka kò yọ̀. Ohùn náà jáde gbọọrọ, ó mọ́ kedere, ariwo sì bọ́ lẹ́nu mi fúnra ẹ̀. Bàbá aláwò ta jí, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú, ó ta á dópin.

Mo yọ́ jáde, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, mo ń ro bí mo ṣe máa sá lọ sílé. Ibẹ̀ ni màmá arúgbó tó kọ́ ọ ní fáólìnì, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ti wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tèmi pa ọmọ náà lára. Àìmọ̀kan ni. Mi ò gbọ́ orin."

"Ẹ dìde jàre. Wọ́n ti mú un."

Títí dòní, mi ò mọ orúkọ orin náà pè dáadáa. Àmọ́ àga iwájú ni mo máa ń jókòó sí báyìí, mi ò sì wo orí ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó mi tèmi. Nítorí pé bí mo ṣe ń gbọn eruku aṣọ mi nù lọ́jọ́ yẹn, màmá náà rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Láti kékeré ni mo ti ń kọ́ orin, èmi náà ò lè mí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ kàn tètè mí ṣáájú mi."