Bákì Àkànjí Tó Dọ̀bálẹ̀

Bákì Àkànjí dọ̀bálẹ̀ ní Fourways lọ́sàn-án Sátidé kan, kò sì dìde mọ́. Bákì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní Joburg. Imú rẹ̀ kanlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè, ó sì kọjú sí Màmá Ọláwọlé tó jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọmọ rẹ̀. Àkànjí ń fa ọ̀pá irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó ń tì í, ó tún ń fà á. Adéṣẹwà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í, ìgbéyàwó rẹ̀ ló so rọ̀ sórí ọ̀pá yẹn.

"Daddy, ẹ gbé e sókè."

"Mò ń gbé e."

"Kò lọ."

"Èmi náà rí i pé kò lọ. Ṣẹwà, rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ń wò wá."

Gbogbo ará ilé ti jáde. Jìmí, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ṣẹwà, dúró lẹ́yìn àga ìyá-bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Òróró dúdú ń kán sórí bíríkì àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màmá kàn ń wo bákì náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Àkànjí kì í ṣe wèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò kéré.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Mayfair ní Joburg ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tún ara mọ́tò tó bá fọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé mọ́tò wá fún un gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn kó tó gbé e lọ. "Kí òyìnbó tó ṣe mọ́tò, àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú wa ti rọ tiwọn," ni yóò wí. "Wọ́n gbé e dé ààfin. Ọba ní, 'Tó bá pàdé àgbà lọ́nà, kí ló ń ṣe?' Wọ́n ní, 'Ó ń kọjá ni, Kábíyèsí.' Ọba ní kí wọ́n gbé e padà, kí wọ́n lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni òyìnbó ti gbé èyí tí ò lẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ̀kọ́ ilé ló dá wa dúró o, kì í ṣe àìmọṣẹ́."

Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, nílé tàbí lóko. Ògoolúwa, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bi í pé kí wá ni ìwúlò mọ́tò tó ń dọ̀bálẹ̀.

"Ká ní wọ́n parí rẹ̀ ni, a ò ní nílò robot kankan láti máa tan iná pupa sí wa ní oríta. Mọ́tò kékeré á dọ̀bálẹ̀, àgbà mọ́tò á kọjá."

"Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á dì mọ́ra."

"Ìyẹn ti wà ní Joburg, ẹ̀gbọ́n," ni Ògoolúwa dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dì mọ́ra. Òun la fi ń jẹun."

Àkànjí pinnu pé òun ni yóò parí iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ náà. Họ́ọ̀nù ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ fún àgbà àti ohùn líle fún ọmọdé. Àmọ́ ní Joburg, taxi tó ń wá èrò ló máa ń fun họ́ọ̀nù jẹ́jẹ́ sí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá arúgbó tí Àkànjí kọ́kọ́ kí kàn gun ẹ̀yìn bákì, ó jókòó, ó ní, "Town." Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn bákì fi kún.

Ni àwọn onítaxi gidi bá dí i níwájú, wọ́n dí i lẹ́yìn, wọ́n ní ó ń jí èrò àwọn kó. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ tòun ti irin lọ́wọ́. Ṣẹwà, tó wà nínú ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Àkànjí yọrí lójú fèrèsé.

"My brother, I greet the man, he answer me. You want make I pursue am?"

Bàbá tó wà lẹ́yìn ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó fi èdè Zulu bi ọmọkùnrin onírin náà pé ìgbà wo ló kí àgbà kẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà rọra fi irin pamọ́ sẹ́yìn. "Eish, sorry, baba," ló wí, ó sì padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, Ṣẹwà fúnra rẹ̀ ló já wáyà họ́ọ̀nù náà.

Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ tó ká Àkànjí lára. Ẹ́ńjìnnì kan ti já lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láti ìgbà náà orúnkún rẹ̀ ò ká mọ́. Ọkùnrin tí àyà rẹ̀ máa ń kanlẹ̀ bó bá rí àgbà wá di ẹni tó ń fi ọrùn nìkan kí ènìyàn. Ó dùn ún ju egungun tó ṣẹ́ lọ. Nígbà tí Màmá Ọláwọlé fò wá láti ilé láti wá wo ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀, Àkànjí lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì tẹ ọrùn.

"Ta ni ọ̀gbẹ́ni tó dúró gbagidi yìí?" ni Màmá bi Jìmí.

"Daddy Ṣẹwà ni, mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n."

"Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà."

Kí wọ́n tó dé Fourways, Màmá ti sọ ọ́ délẹ̀: wọn ò ní fẹ́ ọmọ nílé tí wọn ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Bí ọkùnrin náà ò bá wá kí òun dáadáa kí òun tó padà sílé, kí wọ́n wá ìyàwó síbòmíràn. Bàbá Jìmí ò sì lè rú òfin ìyá rẹ̀. Ṣẹwà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àkànjí jókòó tì í, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ibi tó mọ́ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Orúnkún mi ò ká," ló wí, "ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa ká."

Ó yọ jáàkì lábẹ́ ògbólógbòó típà, ó dè é mọ́ iwájú bákì, ó sì fa ọ̀pá rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ní Mayfair, bákì dọ̀bálẹ̀, ó sì dìde. Ní Fourways, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kí ló dé tí kò dìde?" Ohùn Màmá nìyẹn, wọ́n ti dúró pẹ́.

Àkànjí wo ọ̀pá náà. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ló ń retí, Màmá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dìde kí àgbà tó ní kó dìde."

Ṣẹwà di ojú rẹ̀. Màmá fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí bákì, ó tètè gbé e kúrò nítorí ooru, ó fi etí ìró rẹ̀ wé ọwọ́, ó tún gbé e padà.

"O ò ní kú sọ́nà. Táyà rẹ ò ní bẹ́. Ẹni tó bá gùn ọ́ á délé láyọ̀."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

"Dìde, ọmọ mi."

Bákì ò mira.

Màmá dúró, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. "Tirẹ̀ wá pọ̀ jù!" ló wí. "Jìmí, ilé tí mọ́tò wọn mọ̀wọ̀ àgbà tó báyìí, lọ fẹ́ ọmọ níbẹ̀." Ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò ló wá gbé bákì lọ. Ṣẹwà àti Jìmí sì ṣègbéyàwó.

Láti ọjọ́ náà, Àkànjí ò yéé tún jáàkì yẹn ṣe. Ìdọ̀bálẹ̀ bákì kì í yẹ̀, àmọ́ ìdìde rẹ̀ di àánú Olúwa. Lọ́dún tó kọjá, ọkàn Àkànjí dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì kú pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ Màmá láago nílé, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Mọ́tò ńkọ́?"

Ṣẹwà fúnra rẹ̀ ló wa bákì dé itẹ́ òkú.

"Má fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn o," Ògoolúwa bẹ̀ ẹ́. "Ilẹ̀ ibí rọ̀. Kò ní dìde."

Ṣẹwà dúró títí pásítọ̀ fi parí àdúrà, tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bo ibojì tán. Lẹ́yìn náà ló rọra wa bákì dé ẹsẹ̀ ibojì. Ó fa ọ̀pá náà. Bákì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan ilẹ̀ pupa, òróró sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ṣẹwà bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ń ṣàárò bàbá rẹ̀ gan-an.

Òṣìṣẹ́ itẹ́ òkú kan sún mọ́ wọn. "Sorry, ma, other people are coming. Can you move the car?"

Jìmí ti ń yọ fóònù. "Ṣé kí n pe àwọn tó ń fa mọ́tò?"

Ṣẹwà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ní sùúrù ná," ló wí. "Daddy ò tíì ní kó dìde."