Kásẹ́ẹ̀tì Kan, Bátìrì Mẹ́rin

Lánàá ni ọmọ ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́ orin lórí fóònù. Gìtá bú, ìlù dún gbàgbàgbà, òyìnbó kan ń pariwo bí ẹni tí alángbá kó sí ṣòkòtò. Mo mọ orin náà. Mo ní kó dín in kù. Ó dín ariwo rẹ̀ kù. Mo ní kì í ṣe ariwo, ìyára rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan kan, ohùn òyìnbó náà bá rọlẹ̀, ó wúwo, ó ń wọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga.

"Bàbá, èyí mà ti dà bí orin òkú."

Ọmọ náà kò mọ ohun tó sọ.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, láàárín oko kòkó. Ìjọba sójà là ń lò nígbà náà, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lágbọ̀n wa. Ẹ̀gbọ́n tí Délé ọ̀rẹ́ mi ní, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó, ló mú kásẹ́ẹ̀tì náà wálé fún ọdún Kérésì. Ó ní àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́rin kan ló ṣe é, kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọn sì nìyẹn. Orúkọ wọn ti pa rẹ́ lára páálí, àwòrán wọn nìkan ló kù, irun bo gbogbo ojú wọn bíi ti àgùntàn tí òjò pa. Fújì ni gbogbo abúlé ń gbọ́. Àwa mẹ́rin péré, èmi, Délé, Káyọ̀dé àti Ràṣídì, la fẹ́ràn orin yìí débi pé a lè fi ọwọ́ lù ú lórí korobá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin náà falẹ̀, ó ń bani nínú jẹ́, ṣe ni gìtá rẹ̀ ń sọkún. Délé, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Aládùúrà, ní ẹni tó kọ ọ́ ti fojú kan ikú rí. Ní tèmi, mo fojú ara mi rí adìẹ tó gbọ́ ọ tó sì yé ẹyin mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn kò ní pupa nínú.

Rédíò bàbá mi là ń lò, bátìrì mẹ́rin ló sì ń jẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ọ̀kan, á sì mú tirẹ̀ lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà dá nìkan gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí Délé bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó pàdé lábẹ́ igi ọsàn. Bí tiwa bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ràṣídì kò pààrọ̀ tirẹ̀ rí. Inú tọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ti yọ ọ́. Á sá a sóòrùn lórí páànù, á fi eyín tẹ̀ ẹ́ nídìí.

Káyọ̀dé a máa bú u pé, "Ahun, bátìrì ẹ ti dàgbà ju bàbá mi lọ."

Ràṣídì á ní, "Òun lẹ ń gbọ́ yẹn. Tiyín kàn ń gbè é ni."

Ibà mú Ràṣídì lọ́jọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, a wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ sí i lára.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, a ra bátìrì tuntun kan dípò tirẹ̀. Ohun tó jáde kì í ṣe orin wa. Ó ń sáré, ó ń fò, inú rẹ̀ ń dùn bí ọjọ́ ìgbéyàwó, ohùn ọ̀gbẹ́ni náà sì tín-ín-rín. Délé ní kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Káyọ̀dé yọ bátìrì tuntun náà, ó wò ó, ó dá a padà. Ìgbà náà ló yé wa. Láti ọdún méjì, bátìrì Ràṣídì tí kò lágbára ló ń fa orin náà sẹ́yìn. Èyí tá a fẹ́ràn, kò sí òyìnbó kankan tó kọ ọ́.

Bí bátìrì yẹn bá ti sọnù, orin wa ti bá Ràṣídì wọ sàárè nìyẹn. A gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó ń sẹ́ gàrí nígbà tá a dé. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Bátìrì kan la wá béèrè. Èyí tí Ràṣídì máa ń sá sóòrùn."

"Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi." Ó ń sẹ́ gàrí rẹ̀ lọ. "Kò níí jáde nílé yìí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé rédíò yín wá."

A gbé e wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ki bátìrì náà bọ inú rẹ̀. Délé tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà dìde láti ìsàlẹ̀, ó ń wọ́, orin wa gan-an. Ìyá Ràṣídì gbé asẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "ẹ ò sọ fún mi pé ẹ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀."

A wo ara wa. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ràṣídì ṣe máa ń kọ ọ́ ní balùwẹ̀, lóhùn ìsàlẹ̀, láì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Káyọ̀dé fẹ́ la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta la fi lọ. Bá a ṣe ń lọ ni ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kan á pẹ́ kó tó parí. Ìyá kò jẹ́ ká pààrọ̀ bátìrì. Ní ọjọ́ kẹta, kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń yí gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ohùn kò jáde mọ́. Délé nawọ́ láti pa á. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ó ti sùn."

A jókòó títí ó fi dúró.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, okùn wà létí yín, oníkálukú ń dá orin tirẹ̀ gbọ́. Kò burú. Wọ́n ti gé àwọn kòkó wa, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, àwọn òyìnbó yẹn ló kánjú, tiwa ló tọ̀nà. Ìyá Ràṣídì ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tipẹ́, a ò sì sọ fún un rí. Mo ti pa irọ́ tó pọ̀ láyé mi. Èyí tí mi ò fẹnu sọ yẹn nìkan ni mi ò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni.