Okùn Alága

Alága ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí. Àga ló ń tò. Fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sí àlejò tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìpàdé tí kì í ṣe òun ló gbé àga rẹ̀ sí ipò.

Okùn kan wà nínú àpò rẹ̀ tó ta kókó mẹ́ta sí. Bí ìlú méjì bá mọwọ́ ara wọn, àga wọn kì í ju kókó kìíní lọ síra. Bí wọ́n bá ń fura síra, ó di kókó kejì. Àwọn tó ń bára wọn jà ló ni kókó kẹta. Alága kì í ka ìwé ìròyìn; kí ló tún fẹ́ kà, nígbà tí okùn ti sọ fún un? Ìṣojú rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ àná ṣe ń di ọ̀tá, tí ọ̀tá tún ń padà wá di àfẹ́sọ́nà. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ ń pa á.

Ìgbà tí ilẹ̀ tó múlé tì wọ́n di ẹni kókó kẹta ni ẹ̀rín tán. Ibẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ sí. Wọ́n ti ẹnubodè pa, ọmọ náà bímọ, ọmọ-ọmọ ti ń rìn, Alága kò tíì fojú kàn án. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Nígbà tó yá, aṣojú ilẹ̀ náà fẹ́ wá bá mínísítà sọ̀rọ̀ ẹnubodè. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò àlejò pè é láàárọ̀.

"Alága, kókó kẹta o. Kò gbọdọ̀ dín."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó na okùn, ó gbé àga sí kókó kẹta, ó dìde, ó wò ó. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní láti pariwo kí èkejì tó gbọ́, ariwo kì í sì í parí ìjà. Ó tún kúnlẹ̀, ó sún àga méjèèjì wá sí kókó kìíní.

Nígbà tí ọ̀gá kó àlejò wọlé, ojú tó fi wo Alága kì í ṣe ojú rere. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, wọ́n ti jókòó. Orúnkún mínísítà kọ lu ti aṣojú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni mínísítà wí. Aṣojú rẹ́rìn-ín.

Bóyá àga ló ṣe é, bóyá wọ́n ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀, ta ló mọ̀? Ìwé ìkìlọ̀ ni Alága rí gbà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù kejì, ẹnubodè ṣí.

Ọmọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ọmọ-ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo Alága ṣùn-ùn, kò wá.

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò mọ̀ yín ni."

Kò sí okùn lọ́wọ́ Alága mọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n: kókó kẹta gan-an ni. Ó rọra kúnlẹ̀ bó ti ń ṣe níbi iṣẹ́, kò pè é, kò nawọ́. Ọmọ náà wò ó títí, ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó tún gbé òmíràn, ó wá di irùngbọ̀n bàbá àgbà mú ṣinṣin. Ni Alága bá bú sẹ́kún.