Áńjẹ́lúsì Aago Mẹ́wàá

Bí ẹ bá dé abúlé kékeré kan lọ́nà Odòmẹ́ta, tí ẹ sì béèrè ilé Rosalie, àwọn ọmọdé yóò kàn máa wò yín ni. Ìyá Alágogo ni kí ẹ béèrè. Ìyá Alágogo ni gbogbo wọn mọ̀: opó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tó ń gbin ẹ̀pà àti gbágùúdá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í bá ènìyàn jà àfi bí ewúrẹ́ onítọ̀hún bá wọ ọgbà ìjọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí Firmin ọkọ rẹ̀ ti kú, tó fi agogo sílẹ̀ fún un bí ẹlòmíràn ṣe ń fi oko sílẹ̀ fún ìyàwó.

Agogo tí mo ń wí yìí, ẹ má rò pé nǹkan ńlá kan ni o. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, èyí tí táyà máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ igi máńgòrò, wọ́n sì gbé òòlù kan tì í. Ṣùgbọ́n bí Rosalie bá lù ú, wọn a gbọ́ ọ dé oko tó jìnnà jù. Tó bá ń pe Mísà, kíákíákíá ni, bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Tó bá jẹ́ Áńjẹ́lúsì, àdúrà tí àwọn Kátólíìkì ń gbà ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dúró. Yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dúró. Yóò tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa lù ú kíákíákíá títí ọwọ́ yóò fi ro ó. Agogo òkú wà pẹ̀lú. Bí ọkùnrin bá kú, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni, ó parí. Kò sí kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lóko yóò ju ọkọ́ sílẹ̀, yóò sì máa bọ̀ nílé.

Bàbá Cyriaque, àgbà kan nínú ìjọ, ló kọ́ Firmin ní gbogbo èyí nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì lágbára, Firmin sì kọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, bí oṣù kẹwàá ṣe ń lọ sópin, àìsàn dá Bàbá Cyriaque gúnlẹ̀. Ikọ́ ni. Fún òru mẹ́rin gbáko, kò fojú kan oorun. Gbogbo ìjọ ti gbàdúrà fún un ní Ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Rosalie ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Thérèse ń sáré kọjá. Thérèse ni ìyàwó ọmọ Bàbá, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, omijé kún un. Rosalie bi í pé Bàbá ńkọ́.

"Ẹ bá wa dúpẹ́, Ìyá," ni Thérèse wí, kò tilẹ̀ dúró. "Bàbá ti sùn. Ọlọ́run ti fún wọn ní ìsinmi."

Ó sì gba ọ̀nà kànga lọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Rosalie díẹ̀ níhìn-ín, torí ẹ̀yin náà ì bá ṣe bó ti ṣe. Désiré ni katikísì ìjọ náà, òun ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, tó sì ń darí àdúrà nígbà tí Fádà kò bá lè wá láti Kétu. Désiré kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé lágbájá kú. Bí o bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, yóò na ìka sókè, yóò ní onígbàgbọ́ kì í kú, ó ń sùn ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fi ìyẹn dá wọn lẹ́kun. Ó wá dé ibi pé kò sí ẹni tó ń kú mọ́ nínú ìjọ náà. Sísùn ni gbogbo wọn ń sùn. Ta ni yóò wá rántí pé ènìyàn ṣì lè sùn kó sì jí?

Rosalie ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, torí Bàbá ṣe é lóore nígbà tó di opó. Ó nu ojú, ó gbé òòlù. Mẹ́ta. Mẹ́ta. Mẹ́ta. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.

Kó tó dé agbo ilé Bàbá, èrò ti pé síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti bọ̀ láti oko pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Aboubakar, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ti gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ dání, torí òun ni kì í pẹ́ níbi à ń gbẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ti káwọ́ lérí, ẹkún ti ga. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn yàrá fi ṣí.

Bàbá Cyriaque ló jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, oorun lójú. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Ó ti gbọ́ agogo láti ojú oorun, ó sì ti kà á: ọkùnrin ni. Ó ń wo àwọn ọkùnrin tó wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí kò sí láàárín wọn.

"Ta ló kú?" ló béèrè.

Ẹkún ti dáwọ́ dúró lójijì. Obìnrin kan ti sá gba ẹ̀yìnkùlé, Aboubakar sì ń wá bí yóò ṣe fi ṣọ́bìrì pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Bàbá tún wò wọ́n yíká, ó rí i pé òun ni gbogbo ojú ń wò. Rosalie ń wò ó nígbà tó yé e. Ó rí i bí ojú àgbàlagbà náà ṣe ṣú, bó ṣe rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rù ba Rosalie. Ó bà á débi pé ó sá wọlé lójú ọ̀sán gangan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Agogo ńkọ́, tí gbogbo oko gbọ́? Àwọn ìyá àgbà ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kànga pé ẹni tí wọ́n bá lu agogo òkú fún lójú ayé rẹ̀, Ọjọ́ Gbogbo Òkú kò ní bá a láyé. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni ọdún yẹn máa ń bọ́ sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré. Ní ọjọ́ náà, Désiré a ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti sùn láti èṣí, kí Fádà gbàdúrà fún wọn. Désiré kì í sì í fi nǹkan falẹ̀: agogo kò tíì dákẹ́ tó ti kọ orúkọ Cyriaque sínú ìwé. Rosalie lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́. Désiré fajú ro. Bóyá ojú ń tì í ni, ta ló mọ̀. Ó ní òun kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé òkú, kí Fádà dé ná.

Ibi tó le sí ni pé Bàbá fúnra rẹ̀ gba agogo gbọ́. Thérèse gbé oúnjẹ fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n ti lu agogo òun, ṣé òkú ń jẹun ni? Ó dojú kọ ògiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú náà lọ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Thérèse wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Rosalie. Rosalie ti múra èébú sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n Thérèse kò bú u.

"Ìyá, wọn ò jẹun láti ọjọ́ Ajé," ló sọ, ó sì yí padà.

Èébú ì bá sàn jù. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá ké ní abúlé, àyà Rosalie a já pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà kọjá níwájú ilé Bàbá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ère Màríà, ó fẹ́ sọ pé kí Ọlọ́run mú òun dípò Bàbá, àmọ́ ẹ̀rù bà á kí Ọlọ́run má lọ gbọ́, ló bá yí àdúrà náà sí nǹkan mìíràn. Òun ni yóò pa Bàbá Cyriaque. Òun náà ni yóò sì tún gbé òòlù láti sọ fún ayé pé ó ti kú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ń lu Áńjẹ́lúsì. Mẹ́ta, ó dúró. Mẹ́ta, ó dúró. Mẹ́ta. Ó gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀ kíákíá ìparí, ọwọ́ náà sì há sókè. Ó wo irin, ó wo òòlù. Nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Ó yára lù ú parí, ó sì sáré, òòlù lọ́wọ́, gba ọ̀nà iwájú tó ti ń sá fún láti ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá wà lórí ẹní, ẹ̀yìn ló kọ sí ilẹ̀kùn. Egungun èjìká rẹ̀ yọ. Rosalie kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Bàbá dá a lẹ́nu.

"Ìyàwó Firmin, o ti lù ú ná. Agogo kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ."

"N ò ní kó kó o jẹ, Bàbá. N ò tíì lù ú tán ni."

Bàbá ní, "Kí ló kù?"

"Kíákíá rẹ̀ ló kù. Áńjẹ́lúsì ni mò ń lù lọ́jọ́ Ajé. Ẹkún ló gbé mi, n ò bá a dé òpin."

Àgbàlagbà náà yí ojú kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀.

"Áńjẹ́lúsì," ló wí. "Ní aago mẹ́wàá."

Rosalie kò tíì ro ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé irọ́ ni yóò wá fi parí iṣẹ́ tí agogo bẹ̀rẹ̀?

"Mo ṣi aago wò ni, Bàbá."

Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí. Lẹ́yìn náà nǹkan kan hó nínú àyà rẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Rosalie rò pé ó ti dé nìyẹn, ẹ̀mí ló ń bọ́ lọ. Ó ti la ẹnu láti pe Thérèse kó tó rí eyín Bàbá. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ tún di ẹ̀rín.

"O ò mọ irọ́ pa," ló wí nígbà tó mí délẹ̀. "Firmin náà ò mọ̀ ọ́n pa. Lọ parí rẹ̀. Má sì jẹ́ kó ku ẹyọ kan."

Rosalie sáré. Ó lu agogo náà kíákíákíá títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, tí àwọn kan lóko rò pé iná ló ń jó abúlé. Nígbà tó padà dé, Bàbá ti jókòó, ó di igbá ẹ̀kọ gbígbóná mú. Ìdajì ló mu.

Ṣùgbọ́n ìdajì igbá ẹ̀kọ kì í ṣe ìyè, Rosalie sì mọ̀. Ẹ̀rù náà kò lọ, ó kàn lúgọ ni. Lọ́dún náà, Ọjọ́ Gbogbo Òkú bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, bí ẹni pé ọjọ́ náà fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Fádà wá láti Kétu. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Rosalie wo ìjókòó Bàbá: ó ṣófo. Ó wá Thérèse láàárín àwọn akọrin: kò sí níbẹ̀. Désiré dìde, ó gbé gíláàsì sójú, ó ń ka orúkọ àwọn tó ti sùn bó ṣe kọ wọ́n sílẹ̀, kò bojú wo ẹ̀yìn. Ó ka ẹni kìíní, ó ka ẹni kejì. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ẹnu rẹ̀ sáré ju orí rẹ̀ lọ.

"Cyriaque."

Rosalie di ojú.

"Pẹrẹsáǹ!"

Láti ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Bàbá ló dúró níbẹ̀, ó fara ti èjìká Thérèse, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé nígbà èwe rẹ̀, nǹkan tí ò gbàgbé níbẹ̀ sì ni bí wọ́n ṣe ń fi Faransé dá tíṣà lóhùn pé àwọn wà níbẹ̀, bó bá ń pe orúkọ. Ẹ̀rín bú. Fádà fi ìwé bo ẹnu. Désiré ń fọwọ́ wá bírò nínú àpò, kò rí i. Rosalie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn Mísà, Bàbá ní kí wọ́n pè é wá sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìyàwó Firmin, lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá sọ fún ọ pé mo ti sùn, kọ́kọ́ wá jí mi wò."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni wọ́n gbà á sí, bóyá bí Bàbá ṣe rò ó náà nìyẹn. Rosalie ní tirẹ̀ kò gbà á ní àwàdà. Láti ọjọ́ náà, ní ìdájí gbogbo, kó tó lọ lu Áńjẹ́lúsì aago mẹ́fà, Rosalie a kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé Bàbá. Yóò ní, "Bàbá, ṣé ẹ jí?" Yóò sì dúró. Lọ́jọ́ mìíràn Bàbá a dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn yóò pẹ́, bóyá oorun ni, bóyá ó fẹ́ fi í ṣeré. Ní gbogbo ìgbà náà, Rosalie a di òòlù mọ́ àyà, kò ní mí. Ìgbà tí Bàbá bá ní, "Mo jí, ìyàwó, lọ lù ú," ni ẹ̀mí a tó padà sínú rẹ̀.

Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò pè, tí òun yóò tún pè, tí òun yóò sì ní láti fúnra òun lọ gbé òòlù náà sókè. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń pè, yóò sì dúró, bó ti wù kó pẹ́ tó. Áńjẹ́lúsì àárọ̀ a máa pẹ́ nígbà mìíràn ní abúlé náà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.