Ọdún tí Bàbá Díákónì Fi Ẹsẹ̀ Àgbò Sílẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ tí àwọn tuntun kò tíì jáde, inú àgbàlá kan ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ni à ń gbé, àwa àti ìdílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà láàárín, igi máńgòrò kan wà nítòsí rẹ̀. Yàrá tiwa wà lápá ọ̀tún, tiwọn wà lápá òsì. Ìyá mi ń dáná níhìn-ín, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń dáná lọ́hùn-ún, èéfín àwọn méjèèjì á sì kó sí ojú gbogbo wa. Tí ìyá mi bá ti da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo gbígbóná láti din alókò, èmi àti Rèbékà ti jókòó tì í nìyẹn, kò sí ẹni tó lè lé wa.

Rèbékà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, orí ẹní kan náà là ń sùn. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹ àtíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, a ó sì jà lórí ẹja inú rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi sunkún. Nílé ìwé, Faransé là ń sọ. Lójú pópó, a ó da Faransé pọ̀ mọ́ Jùlá, èdè ọjà. Ṣùgbọ́n tó o bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé wa tó o sọ Faransé sí àgbàlagbà, bàbá mi á bi ọ́ pé ṣé òyìnbó ló bí ọ ni, ìgbájú á sì tẹ̀lé ìbéèrè náà kó o tó dáhùn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Mùsùlùmí ni bàbá tó bí àwọn bàbá wa. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lọ́mọdé, ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fi í sí. Ó wọ ibẹ̀ ní Ràfíù, ó jáde ní Jóṣúà. Bàbá tèmi, ilé kéú ló lọ, nítorí náà Ràímì ló wọlé, Ràímì náà ló jáde. Àwọn méjèèjì jọ wá sí Abidjan, wọ́n ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran ní ọjà Treichville, ìsọ̀ wọn fara kan ara wọn. Nígbà tó yá ẹ̀gbọ́n di díákónì ní ìjọ rẹ̀, gbogbo àgbàlá bá ń pè é ní Bàbá Díákónì. Bàbá mi nìkan ló ń pè é ní Bùrọ̀dá.

Ẹ̀sìn ò dí wa lọ́wọ́ kankan nígbà yẹn. Tí Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì tó tóbi jù, tí itan adìyẹ yọ lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Tí Iléyá bá dé, Bàbá Díákónì ló máa ń di ẹsẹ̀ àgbò mú. Bẹ́ẹ̀ ni, díákónì! Bàbá mi kì í gbà kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ẹsẹ̀ àgbò rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nígbà tí bàbá wọn ṣì wà láyé: Ràfíù a di ẹsẹ̀ mú, bàbá wọn a dúńbú. Nígbà tí bàbá wọn kú, ọ̀bẹ bọ́ sí ọwọ́ Ràímì, ẹsẹ̀ àgbò ṣì wà lọ́wọ́ Ràfíù tó ti di Jóṣúà. Láàárọ̀ Iléyá, Bàbá Díákónì a bọ́ ẹ̀wù, a ku síńgílẹ́ẹ̀tì, a ká ṣòkòtò dé orúnkún, a sì kúnlẹ̀ ti àgbò bí ẹni fẹ́ gbàdúrà fún un.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, áfáà tuntun kan ni bàbá mi pè wá bá wa ṣe àdúà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọ̀dọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n ti dá àgbò dùbúlẹ̀ kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Ó sọ bí Ànábì Ibrahima ṣe pẹ́ kó tó bímọ. Ó sọ bó ṣe lá àlá pé kó fi ọmọ náà rúbọ. Ó wá sọ bí ọmọ náà, Ismaila, ṣe dá bàbá rẹ̀ lóhùn pé kó ṣe ohun tí Ọlọ́run pa láṣẹ. Oòrùn ń mú. Òógùn ń kán tó, tó, tó láti imú Bàbá Díákónì sórí àgbò.

"Ísáákì ni," Bàbá Díákónì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Áfáà wò ó, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ni Ismaila bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé..."

"Ísáákì ni. Ó wà nínú Bíbélì, ẹ lọ wò ó."

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ẹsẹ̀ mú," bàbá mi sọ. Tó bá fi mọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ mọ síbì kan. Ó fi kún un pé, "Ismaila ni. Ọmọdé gbogbo ló mọ̀ ọ́n."

Háà! Ọmọdé gbogbo kẹ̀? Ẹ mọ bí díákónì ṣe máa ń rí tó bá di ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ìka gbọ́dọ̀ lọ sókè. Ìka Bàbá Díákónì lọ sókè, ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì, ó ní, "Ràímì, gbọ́ mi dáadáa!" Kí bàbá mi tó gbọ́ ohunkóhun, àgbò ti dìde.

Ẹ gbà mí! Àgbò ta abọ́ omi áfáà dànù, ó gba ẹ̀yìn ìyá mi kọjá, ó di ojú pópó. Gbogbo ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi Faransé pariwo àgbò, "Mútọ̀n! Mútọ̀n!" Èmi àti Rèbékà wà lára wọn, àwa la pariwo jù. Ó da tábìlì ẹlẹ́ja rú, ó mú kí ọkọ̀ gbàkà kan dúró lójijì, àwọn èrò inú rẹ̀ sì bú wa tìyá tìyá. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ Jùlá kan ló wọ̀ níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n fi máa mú un jáde, apá agbádá oníbàárà kan ti há sí ìwo rẹ̀.

A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Bàbá mi ní, "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lè ba ọdún mi jẹ́."

Bàbá Díákónì ní, "Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ba ọdún rẹ jẹ́, ṣé màá máa wá kúnlẹ̀ fún àgbò lọ́dọọdún?" Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyá mi fi ẹran ránṣẹ́ sí wọn lọ́sàn-án, ẹran náà padà wá bá wa bí a ṣe dé e. Ìyá mi dúró tòun ti abọ́ náà lọ́wọ́, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ẹran Iléyá kò padà rí nínú ilé yẹn.

Odidi ọdún kan ni wọ́n fi bá ara wọn yodì. Ní ọjà, tí oníbàárà bá bi bàbá mi léèrè ohun tó wà nísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Bi ará ibẹ̀ yẹn." Nílé, àwa ọmọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́ síra wọn. Bàbá Díákónì á pè mí, á ní, "Sìkírá, sọ fún bàbá rẹ pé omi ń ṣòfò." Bàbá mi yìí sì rèé, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó ń fọ ẹsẹ̀! Àwọn ìyá wa kò bá wọn dá sí i. Wọ́n ṣì ń yá ara wọn ní iyọ̀, wọ́n sì ń fi àwọn ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́.

Èmi àti Rèbékà náà gbìyànjú láti jà á. Lábẹ́ igi máńgòrò, mo ní Ismaila, ó ní Ísáákì, mo fa irun rẹ̀, ó gé mi jẹ. Ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ló jọ mú wa. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀, ká nawọ́ sókè, ká kojú síra wa, a ò sì gbọdọ̀ dìde àfi tí a bá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú sí i. Ṣùgbọ́n Rèbékà rí àlàfo tó wà lẹ́nu mi, ó bú sẹ́rìn-ín, bí ìjà tiwa ṣe parí nìyẹn.

Ti àwọn àgbà kò parí. Kérésìmesì dé, abọ́ ìrẹsì kò dé. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ní òun ń gba atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń pọn omi, Rèbékà sọ fún mi pé bàbá òun ti rí ilé sí Gonzagueville, lẹ́bàá òkun, pé tí Iléyá bá ti kọjá làwọn máa kó lọ. Mo ju korobá sílẹ̀, mo ké. Ta ni màá máa bá jẹun? Ta ni màá máa bá sùn? Bàbá mi gbọ́, ó ní, "Kó máa lọ." Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi ló gbé e kúrò níwájú rẹ̀.

Àwọn ìyàwó méjèèjì ló ránṣẹ́ sílé láìsọ fún ọkọ wọn. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò gàrí àti òrí, ara rẹ̀ ti wó, ẹnu rẹ̀ kò wó. Ó ń bú àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè gbogbo tó kọjá lọ́nà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó jẹun, ó sùn, ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo ọ̀sà.

Láàárọ̀ Iléyá, ọmọkùnrin méjì tí bàbá mi háyà ń bá ẹsẹ̀ àgbò jìjàkadì. Bí èyí bá dì í mú, tòhún á bọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n gbé àga wá fún òun.

"Ẹ bá mi pe Ràfíù." Kò pè é ní Jóṣúà rí.

Bàbá Díákónì jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúró lápá tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn páálí tí wọ́n ti di ẹrù sí wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ní kí Ràímì sọ ìtàn náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó ní kí Ràfíù náà sọ tirẹ̀. Òun náà sọ ọ́. Bàbá kan tó ti darúgbó, ọmọ tó gbọ́ràn, ọ̀bẹ, ohùn láti ọ̀run.

"Ó dáa," Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ wo ni wọ́n wá pa?"

Bàbá mi ló kọ́kọ́ fèsì. "Wọn ò pa ọmọ kankan, Ìyá."

"Kí ni wọ́n pa?"

"Àgbò." Ẹnu àwọn méjèèjì ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Àgbà dìde. "Ọmọ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n pa láyé àtijọ́, òun lẹ fẹ́ fi pa ọmọ méjì mọ́ mi lọ́wọ́ ní Abidjan. Àgbò lẹ ní wọ́n pa, àgbò nìyí. Ràfíù, di ẹsẹ̀ mú."

Bàbá Díákónì kò mira. Rèbékà di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Bàbá mi, tí n kò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé, wo ilẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ò le." Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lẹ́bẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, èmi àti Rèbékà ti ń fi àwọn páálí yẹn kọ́ ilé ìṣeré.

Ayé ti yí. Riviera, ní apá ibòmíràn ní Abidjan, ni èmi ń gbé báyìí, ilé tó ní ẹ̀rọ omi nínú yàrá gbogbo, tí n kò sì mọ orúkọ ará ilé kejì. Ibẹ̀, inú ọ̀rá ni ẹran Iléyá ń bá ẹlòmíràn, wọ́n ti gé e tán. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá, Faransé ni wọ́n fi ń fèsì, kò sì sẹ́ni tó ń gbá wọn létí. Ọkọ ló padà gbé Rèbékà lọ sí Gonzagueville, ojoojúmọ́ la sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá Àgbà ti sùn tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀ gbogbo wa ń pàdé ní Treichville láàárọ̀ Iléyá, nítorí àwọn bàbá méjèèjì kọ̀ láti kúrò nínú àgbàlá yẹn.

Ní Iléyá tó kọjá, orúnkún Bàbá Díákónì kò lè tẹ̀ mọ́. A gbé àga fún un, ọmọ Rèbékà àti ọmọ mi di ẹsẹ̀ mẹ́ta mú, òun di ìkẹrin mú. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Áfáà bẹ̀rẹ̀ wáàsí, ó dé ibi tí ó ti dárúkọ Ismaila, gbogbo àgbàlá bá yíjú sí Bàbá Díákónì.

"Ísáákì ni," Bàbá Díákónì wí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo gbọ́, Bùrọ̀dá. Ẹ ṣáà má fi ẹsẹ̀ sílẹ̀."