Jíìpù Tí Kò Gbọdọ̀ Kú Lọ́nà Ìfọ̀

"Màmá Bùsáyọ̀, tí ẹ bá ti tan án ní Mowe, ẹ má pa á títí ẹ máa fi padà sí Mowe. Tí ẹ bá pa á lọ́nà, mi ò sí níbẹ̀ o."

Ohun tí rìwáyà àdúgbò wa sọ fún mi nìyẹn. Òun ló ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe. Ìkìlọ̀ yìí àti ohun tó tẹ̀lé e ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Jíìpù náà fi ọdún méjì dàgbà ju ọmọ tí mo fẹ́ fi lọ mú lọ. Olóògbé ọkọ mi ló fi í sílẹ̀. Taya rẹ̀ ga, ẹrẹ̀ àdúgbò wa kò lè dá a dúró, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tà á. Àìsàn kan ṣoṣo ló ní: tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, nígbà mìíràn yóò tan, nígbà mìíràn yóò ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, gbogbo iná iwájú mi yóò sì ṣú. Rìwáyà ti pààrọ̀ bátìrì. Ó ti tú sítátà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè tan, ó sì ti tún inú rẹ̀ ṣe. Àìsàn náà kò lọ.

Bùsáyọ̀, àkọ́bí mi, wà nílé ọkọ ní Ìfọ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ilé ìwòsàn kan ní Mowe ló ti forúkọ sílẹ̀ láti bímọ. Láti ilé mi dé ilé ìwòsàn náà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi aago wọ̀n ọ́n. Mi ò fẹ́ kó gun ọ̀kadà, mi ò sì fẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ pé kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ti ra epo kún táǹkì lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí ilé epo kì í ta epo fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò mu omi kí n tó sùn, nítorí ẹni tó bá mu omi yóò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàdúrà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Mo gba àdúrà tó gùn díẹ̀ sí i. Ó tan.

Ní Ibafo, mo ra búrẹ́dì láti ojú fèrèsé. Obìnrin tó ń tà á ní kí n sọ̀kalẹ̀ wá yan èyí tó rọ̀. Mo ní èyí tó le náà dára.

Nígbà tí mo gba Akute dé Ajuwon, ọlọ́pàá kan dá mi dúró.

"Màmá, ẹ pa ẹ́ńjìnì yín, ẹ jẹ́ ká yẹ búùtù wò."

"Ọ̀gá mi, mo lè ṣí búùtù, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá pa á, ọ̀dọ̀ yín níbí ló máa sùn."

Ó wo jíìpù náà láti taya dé orí. Ó wo àwọn ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. "Ṣé kò ṣeé tì ni?"

"Jíà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tì. Ó sì wúwo."

"Ẹ máa lọ, Màmá. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Ní Àgbàdo, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ti kún ẹ̀gbẹ́ ojú irin, kálukú gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Mo wọ Ìfọ̀ ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú.

Alájì, bàbá ọkọ ọmọ mi, ló jókòó síta. Ọmọ bíbí Ìfọ̀ ni, àgbà sì ni. Ènìyàn kì í jókòó sínú ọkọ̀ kí àna; ìkìlọ̀ rìwáyà kò dé ibẹ̀. Mo fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo sọ̀kalẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọmọ, ẹ kú àmójútó."

"Ẹ dìde, Ìyá wa, ẹ dìde. Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ṣì ń dáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí Alájì rìn lọ síbi jíìpù. "Epo ti wọ́n jù kó máa jó dànù báyìí," ló wí. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó pa á, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Àna mi ni.

Mo lọ yí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ṣe kẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bùsáyọ̀ ti gbé báàgì rẹ̀ jáde.

"Màmá mi, ṣé a ti ń lọ?"

"A ti ń lọ."

"Ẹ́ńjìnì ò dún."

"Yóò dún. Kí ló dé tí o fọwọ́ mú ẹ̀yìn?"

"Ó ń ro mí díẹ̀ láti àárọ̀."

"Láti aago mélòó?"

"Mi ò wo aago, Màmá mi."

Nígbà tí Alájì gbọ́ ohun tó ti ṣe, ojú tì í, kò sì jókòó mọ́. Ó lọ mú rìwáyà kan wá, Múfú lorúkọ rẹ̀. Múfú kò tú nǹkan kan. Ó fi wáyà gígùn kan so orí bátìrì tó ní wáyà dúdú mọ́ irin ara ẹ́ńjìnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Jíìpù tan.

"Bátìrì yín le, sítátà yín le," ló wí nígbà tó ní kí n pa á. "Ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì ni kò dáa. Ta ló fọwọ́ kan ibí yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni mo wí.

Ó tú bóòtù tó so wáyà dúdú ńlá mọ́ ara ọkọ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan já bọ́ síwájú wa.

"Kí lèyí?"

"Sílípáàsì ni," ni mo wí.

"Sílípáàsì?"

Mo ṣàlàyé. Lọ́dún tó kọjá, mo rí i tí iná ta pàràpàrà nígbà tí mẹkáníìkì ń de wáyà dúdú yìí. Ẹ̀rù bà mí kí ọkọ̀ má gbiná pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nínú rẹ̀. Mo gé sílípáàsì tí mo fi ń wẹ̀, mo fi sáàárín wáyà àti irin, mo dè é padà dáadáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bóòtù nìkan ló wá ń gbé iná kọjá, ó sì ti dípẹtà.

Alájì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ìyá wa, ẹ wọ bàtà fún iná!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sà," ni Bùsáyọ̀ wí. "Mo ti wà ní yunifásítì tí wọ́n ṣì ń wá fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ mi bóyá ó gbóná jù."

Múfú fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi funfun, ó dè é. Jíìpù tan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ó yá, ẹ pa á," ló wí. Mo béèrè bóyá ó di dandan. Ó ní ó di dandan. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pa á tí mo tún tan án.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo ń bi Bùsáyọ̀ nípa ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo ìdúró. Ní Ajuwon, ọlọ́pàá àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnì kó tó sọ̀rọ̀. Ó sáré wá.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ jọ̀ọ́!"

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó tan. Ọlọ́pàá náà ní kí n máa lọ, kò tilẹ̀ yẹ búùtù wò.

A dé Mowe ní aago kan ọ̀sán. Ẹ̀yìn ríro náà ti fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ karùn-ún ni ìrora tòótọ́ dé, ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọmọbìnrin ló bí.

Ohun tí mo kọ́ lọ́nà Ìfọ̀ ni pé oṣù mélòó kan ni mo fi ń dá rìwáyà Mowe lẹ́bi lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́, ohunkóhun tí ẹ bá fi ọwọ́ yín kì sínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí rìwáyà tó tú nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ sílípáàsì.